Àpò Àlùbọ́sà Tí Mi Ò Bá A Sọ̀

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè wẹ ara mi mọ́. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà. Ibà ò ṣe mí. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi ń jẹun, torí iṣẹ́ fótò ni mo ń ṣe. Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa ń parọ́ fún mi ni, ebi ì bá ti pa mí tipẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀sán gangan ni mo rí i, nígbà tí òjìji èèyàn kì í ju bàtà rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé òkú kì í jáde àfi lóru, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀.

Ẹ má sì pariwo. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Èmi kì í ṣe onífótò ìgbéyàwó. Mo ṣe é rí, ó sú mi: ìyàwó á ní kí n sọ òun di pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọkọ á ní kí n fi irun kún orí òun. Ìgboro Ifẹ̀ ni mo ń yà. Ẹni tó ń ti ọmọlanke gun òkè, ẹni tó ń kó yanrìn nínú gọ́tà, àwọn àgbàlagbà tó tò fún owó ìfẹ̀yìntì títí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Mo fẹ́ kí àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ tútù rí ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ohùn ńlá ni mo sì fi máa ń sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti gbé máíkì fún mi.

Mo ní òfin méjì. Èkíní, mi kì í ya ẹnikẹ́ni láì tọrọ àyè. Èkejì, ẹni tí mo bá yà, mo máa ń tẹ fótò rẹ̀ jáde, màá sì fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ fún un. Ilé tó pọ̀ ní Ìlódè tí mò ń gbé, fótò kan ṣoṣo tó wà lára ògiri wọn, èmi ni mo yà á. Mo máa ń fi yangàn.

Òfin kẹta wà. Ìyá mi àgbà ló kọ́ mi, kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ kámẹ́rà: ẹni tó bá ru ẹrù, sọ̀ ọ́ kí o tó kí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A kì í dá ẹni tó rẹrù dúró ká máa bi í léèrè ọmọ àti ìyàwó. Tó bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ ní "bá mi sọ̀ ọ́," kódà kó jẹ́ ọ̀tá rẹ, kódà kí òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ, wàá dìde. Torí èèyàn méjì ló gbé e rù ú, òun nìkan ò lè gbé e sọ̀ kí ọrùn rẹ̀ má yẹ̀.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni mo dé Sábó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń já àlùbọ́sà. Ẹ mọ àpò àlùbọ́sà, èyí tó dà bí àwọ̀n pupa. Oòrùn ń gba inú àwọ̀n náà wọlé, ó ń da pupa sí ojú ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀, bí mo ṣe rí i, itọ́ dà lẹ́nu mi.

Obìnrin kan wà láàárín àwọn alábàárù níbẹ̀, á tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká. Ìyá Fọlákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Mo kí i, mo tọrọ àyè, gẹ́gẹ́ bí òfin mi.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Èmi náà? Kí lẹ fẹ́ fi ojú mi ṣe?"

"Kí ayé lè rí yín ni, màmá."

"Ayé ti rí mi, ọ̀gá. Kò kàn sọ nǹkan kan ni."

Ẹni tó lè bí mi ló ń pè mí ní ọ̀gá o, torí kámẹ́rà tó wà lọ́rùn mi. Mi ò kọ̀ ọ́.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ ó fún mi ní ọ̀kan? Mi ò ní fótò rí. Fọlákẹ́ ọmọ mi máa ń sọ pé bí òun bá ṣàárò mi, kò sí ohun tí òun lè wò."

Mo búra fún un. Mo fi ìka kan ilẹ̀, mo fi kan ètè mi.

Alájì tó ni àlùbọ́sà àti ẹnìkejì rẹ̀ gbé àpò náà rù ú. Mo mú un dúró síbi tí mo fẹ́. Ọkọ̀ ńlá kan dí ẹ̀yìn rẹ̀, a ní láti dúró kó lọ. Ó lọ, ó tú eruku sílẹ̀, a ní láti dúró kí eruku rọlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má mira, màmá. Ẹ má kúrò níbẹ̀ o, àfi tí mo bá ní ó tó."

"Ó dáa, ọ̀gá."

Ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rín lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ló fẹ́ rí alábàárù tó ń rẹ́rìn-ín? Mo sún mọ́ ọn, mo rọra sọ ọ́, kí àwọn èèyàn má baà gbọ́: "Màmá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí ìyà hàn."

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ fìtílà pa.

Ó ṣe díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ̀ ọ́. Ọrùn ń dùn mí."

"Kékeré báyìí, màmá."

Ó tún ṣe díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ ọ́."

"Ìmọ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dára ni."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ètè rẹ̀ nìkan ló mì. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ gbandu bí okùn ìfami. Omi kan jáde lójú ọ̀tún, ó bá inú eruku ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún omi ojú yẹn. Mo tẹ kámẹ́rà. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo ti rí i.

Bí mo ṣe ń yọ̀ ni àgbò kan já mọ́ Hausa kan lọ́wọ́ ní ìsọ̀ ẹran. Ó gba orí tòmátì àwọn èèyàn kọjá, ọkùnrin mẹ́fà sáré tẹ̀ lé e, ṣòkòtò ọ̀kan sì tú. Èmi náà sáré tẹ̀ lé wọn, kámẹ́rà lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. Àgbò yẹn mú wa dé títì. Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ lọ sílé.

Ẹ ti rí i àbí? Mi ò ní ó tó.

Fótò yẹn lọ káàkiri. Àwọn èèyàn sunkún lé e lórí fóònù wọn. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ kó tóbi bí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn kan nígboro níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá wo iṣẹ́ ọnà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú dàńṣíkí tuntun, mo ń sọ̀rọ̀ nípa ìyà. Ní ti ẹ̀dà kékeré tí mo tẹ̀ fún òun fúnra rẹ̀, inú àpò mi ló wà. Mo ní màá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di mẹ́rin.

Ìyá Tóyìn, obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn náà, ló kọ́kọ́ fà mí láṣọ lọ́jọ́ kan.

"Bùọ̀dá," ó ní wúyẹ́wúyẹ́, "nígbà tí ẹ gbé obìnrin yìí kọ́, ṣé bó ṣe rí nìyí?"

"Báwo ló ṣe rí?"

"Orúnkún rẹ̀ nà nígbà yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń nu gíláàsì rẹ̀. Ó ti ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tóyìn, ẹ dín ọṣẹ tí ẹ fi ń nu gíláàsì kù, ó ti ń gùn yín."

"Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó dáa. Ẹ sáà gbóòórùn."

Mo gbóòórùn. Àlùbọ́sà ni. Nínú gbọ̀ngàn tí wọn kì í ti í jẹ ẹ̀pà.

Mo wo fótò náà dáadáa. Orúnkún obìnrin náà tẹ̀ lábẹ́ ìró rẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀ tí wọn ò tíì gbà fún.

Mo sáré délé, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Èyí tó wà níbẹ̀ náà tẹ̀. Mo fa ẹ̀dà inú àpò mi yọ. Ó tẹ̀. Mo yà á, mo mọ̀ bí mo ṣe yà á: ó nàró ṣánṣán. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò rí oorun sùn, mo kàn ń wo àjà, mo ń sọ ọ́ lábẹ́ èémí: màá lọ sí Sábó, màá fún un ní fótò rẹ̀, màá sọ fún un pé ó tó. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni mo dé ọ̀dọ̀ Alájì. Ó rí mi, kò kí mi.

"Onífótò. Ìwọ sá lọ."

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Fọlákẹ́ ńkọ́?"

"Ó dúró. A ní ìyá, wá ká sọ̀ ọ́. Ó ní rárá, ọ̀gá ò tíì ní ó tó, fótò á bàjẹ́, òun fẹ́ fún ọmọ òun. Wàláhì, títí wọ́n fi pe ìrun àìlà. Ó wá ṣubú, òun àti àlùbọ́sà. A gbé e lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Edunabon, lọ́nà Ìbàdàn." Ó yíjú sí àlùbọ́sà rẹ̀. "Máa lọ. Oníbàárà ń bọ̀."

Kí ló dé tí mi ò padà sílé? Ẹ má bi mí. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Edunabon.

Kò ṣòro láti rí Fọlákẹ́. Ó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì, eyín rẹ̀ jọ ti ìyá rẹ̀, àfi pé tirẹ̀ pé. Mo ní èmi ni mo ya ìyá rẹ̀ ní fótò ní Sábó. Kò gbójú sókè. Ó yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan padà lórí wáyà iná.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni màámi lò lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú," ó ní. "Orí ẹní ni wọ́n wà, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lókè báyìí, bí ẹni di nǹkan mú. Tí mo bá ní màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé ọwọ́ yín wálẹ̀, wọ́n á ní, 'Rárá o! Onífótò ò tíì ní ó tó.'"

Ọkọ̀ kan kọjá. Ó dúró kí ariwo rẹ̀ lọ.

"Wọ́n kú tán, ọwọ́ ò wálẹ̀. Pósí ò sì gbà wọ́n. Àwọn tó fẹ́ sin wọ́n fi okùn so ó, ó já."

Mo ní, "Wọ́n wá ṣe báwo?"

"Wọ́n ṣẹ́ ẹ." Ó mú igi kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó dá a sí méjì, ó sọ ọ́ sínú ẹ̀yinná. "Báyìí ló ró."

Mo bá fa fótò náà yọ fún un. Ìlérí ni, àbí? Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gbà á, ó wò ó pẹ́. Mo rò pé ó máa sunkún. Ó dá a padà fún mi.

"Èyí kọ́ ni màámi. Màámi máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ṣé ẹ ò ya èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín?"

Mo ní mo yà á. Mẹ́ta.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú rẹ̀ tàn. "Ó wà níbo?"

Ẹ wò ó, mo ti purọ́ fún èèyàn rí láyé mi, mo sì tún máa purọ́. Ọjọ́ yẹn, irọ́ ò wá. Mo ní, "Mo ti pa á rẹ́. Kò wúlò fún mi."

Fọlákẹ́ wò mí bí ẹni ń wo kòkòrò nínú ọbẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn ní jẹ́jẹ́, "Ẹ máa lọ, sà. Tí ẹ bá rí wọn lọ́nà, ẹ sọ fún wọn pé ó tó. Kí ẹ sì bá wọn sọ̀ ọ́."

Mo rìn síwájú díẹ̀ láti dúró de ọkọ̀ Ifẹ̀. Oòrùn wà láàárín orí. Àwọn ọkọ̀ Ìbàdàn ń fò kọjá, kò sí èyí tó dúró. Ó ṣe, ọkọ̀ ò kọjá mọ́. Ẹyẹ ò ké. Títì náà kàn ń ta yẹ́ríyẹ́rí lójú ooru.

Mo gbóòórùn àlùbọ́sà.

Mo rí òjìji kí n tó rí nǹkan mìíràn. Òjìji àpò ni, ó ń rá bọ̀ lórí ọ̀dà títì. Lábẹ́ òjìji àpò náà, kò sí òjìji èèyàn. Mo gbójú sókè.

Òun ni. Ìró rẹ̀ náà ni, eruku náà ni. Àpò wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di àpò náà mú lókè, ṣùgbọ́n níbi ìgbọ̀nwọ́, ẹ jọ̀ọ́, níbi ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ṣẹ́ po, egungun kọjú síbi tí egungun kì í kọjú sí. Orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rìn wá bá mi, títí ó fi ku ìwọ̀n apá méjì láàárín wa.

"Ọ̀gá," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé ó ti dára báyìí?"

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ó. Tó. Ọmọ ọdún kan lè pè é. Kí n sì na ọwọ́ méjèèjì, kí n di ẹ̀gbẹ́ àpò náà mú, kí n bá a sọ̀ ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ láti alẹ́ àná.

Oòrùn wọ inú àwọ̀n náà. Pupa náà dà sí i lójú, ó ṣàn dé igun ẹnu rẹ̀ níbi tí eyín ti ká. Ìmọ́lẹ̀ yẹn… kí Ọlọ́run má bi mí. Ìmọ́lẹ̀ yẹn dára ju ti Sábó lọ.

Nígbà tí ọwọ́ mi méjèèjì máa gbéra, kámẹ́rà ni wọ́n gbé.

Mo gbọ́ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́.

Orúnkún obìnrin náà nà padà, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bíi ti ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ jágbe mọ́. Ó gbójú sí mi. Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù.

"Ó dáa, ọ̀gá. Mo ṣì dúró."

Nígbà tí mo fi máa yọ ojú kúrò lẹ́yìn kámẹ́rà, títì nìkan ló kù. Ọkọ̀ kan fọn fèrè, ó dúró, awakọ̀ ní "Ifẹ̀ tààrà!" Mo wọlé. Inú ọkọ̀ ni mo ti wo fótò náà. Kò sí obìnrin nínú rẹ̀. Àpò àlùbọ́sà nìkan ló wà níbẹ̀, ó dá dúró nínú afẹ́fẹ́, ní ìwọ̀n gíga orí èèyàn, kò sí orí lábẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọrùn ti ń dùn mí. Mo fi róòbù pa á, mo lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìyàwó mi ní ọjọ́ ogbó ló dé. Ó tún ní kí n yéé jẹ àlùbọ́sà tútù sùn, bẹ́ẹ̀ n kò jẹ àlùbọ́sà láti ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo nílò pásípọ́ọ̀tù fún fọ́ọ̀mù kan. Èèyàn ò lè ya ara rẹ̀ kó dára, mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìlódè. Ọmọ tó lọ́yàyà ni, ó mọ orúkọ mi, ó ní iṣẹ́ mi ló mú kí òun ra kámẹ́rà. Mo jókòó sórí àpótí. Ó wò mí láti inú kámẹ́rà, ó gbé e kúrò lójú, ó tún wò mí.

"Dádì, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹrù yín kalẹ̀ ná."

"Ẹrù wo?"

Ó tẹ̀ ẹ́, ó yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí mi. Orí mi rèé, irun funfun rèé. Lókè rẹ̀, nǹkan pupa. Mo gbé ọwọ́ sókè láti fi kàn án, ọwọ́ mi bá nǹkan. Àwọ̀n ni. Ó wúwo. Ọwọ́ mi ò lè wálẹ̀ mọ́.

"Ọmọ mi," mo ní, ohùn mi ò ju ti eèrà lọ, "jọ̀ọ́, bá mi sọ̀ ọ́."

Ó sún sẹ́yìn. Mo rò pé ẹ̀rù ló bà á. Mo wá rí ojú rẹ̀, mo sì mọ ojú yẹn, torí èmi ni mo ni í. Ó rọra yí iná díẹ̀ sápá òsì.

"Ẹ dúró, Dádì," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ má mira."

Ẹ̀yin tí ẹ ń fa fóònù yọ sí ohun gbogbo, sí ẹni tó ṣubú, sí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Bí ẹni tó rẹrù bá ní kí ẹ bá òun sọ̀ ọ́, ẹ ju ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, kó fọ́ bó bá fẹ́ fọ́. Bí ẹ bá sì ti dá èèyàn dúró, ẹ má gbàgbé láti ní kó máa lọ.

Èmi ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ilé ni mo wà, fóònù ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí bí mo ṣe ń pè é. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì lónìí pé kí ló dé tí mo gbé ọwọ́ sókè.

Ọmọbìnrin yẹn ò tíì ní ó tó.